Àgbò Tí O Ní Kí N Má Pa

Taradale, Calgary.

Mórẹ́nikẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo rí kẹ́,

Mo mọ̀ pé ẹ̀rín lo máa kọ́kọ́ rín nígbà tí o bá rí àpò ìwé yìí. Wàá ní kí ló ṣe Daddy tí kò fi ohùn sórí WhatsApp bó ṣe máa ń ṣe, kó máa sọ̀rọ̀ títí fóònù á fi gbóná. Fóònù ò gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá pè ọ́, wàá ní "Okay, Daddy," èmi náà á ní "O ṣé, ọmọ mi," a ó sì pa fóònù láìsọ ohunkóhun. Bí mo bá sì dúró dìgbà tí o bá wá sílé, mà á wo ojú rẹ, ojú ìyá rẹ sì lo gbé wọ̀, ọ̀rọ̀ á wá wọ́ mọ́ mi lẹ́nu. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti tábìlì ìdáná, tí mo ra bírò tuntun, tí mo sì ń kọ ọ́ ní Yorùbá. Kíkà rẹ̀ lè nira fún ọ díẹ̀, ṣùgbọ́n Dímẹ́jì á bá ọ kà á. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ tí àfẹ́sọ́nà rẹ ò lè gbọ́.

Ìgbéyàwó yín ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ń fi ọ̀rọ̀ aṣọ àti gèlè dà mí láàmú láti Ìbàdàn, mo sì ń dáhùn pé ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n rà. Èyí tó kàn mí ni basement. Àwọn tó ń béèrè ni mò ń sọ fún pé ìwọ àti èmi jọ fẹnu kò pé bí ẹ bá ti ṣègbéyàwó tán, ìsàlẹ̀ ilé mi níbí lẹ máa gbé. Bó ṣe rí gan-an ni pé èmi ni mo sọ ọ́, ìwọ sì gbà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tún ibẹ̀ ṣe, tí mò ń gbé pákó, tí mò ń kan ìṣó. Bóyá ó yẹ kí ẹ wá gbé ibẹ̀ tàbí kò yẹ, ohun tí mo fẹ́ kí a sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò lè dé ìdí rẹ̀ láìkọ́kọ́ gba orí òkè tí a ti lọ ṣọdẹ àgbò kọjá, torí ibẹ̀ lo ti ṣe mí lóore kan tí n kò tíì dúpẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ìwọ náà ṣáà lo mú mi dé ìdí ọdẹ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rò pé torí pé ọmọ Ṣakí ni mí, ìdílé ọlọ́dẹ ni mo ti jáde wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Télọ̀ ni bàbá mi. Ẹran kan ṣoṣo tí mo rí i kó pa láyé rẹ̀ ni adìyẹ ọdún Kérésì, ojú ló sì máa ń dì bó bá ti gbé ọ̀bẹ. Èmi náà, iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀ ni mo kọ́, ilẹ̀ ni mò ń wọ̀n kiri Ìbàdàn kí a tó kó wá síbí. Lẹ́yìn tí ìyá rẹ kú, o rí i pé láti ibi iṣẹ́ sórí àga, láti orí àga sórí bẹ́ẹ̀dì, kò sí ibòmíràn tí mo tún ń dé. O ò wàásù fún mi. O kàn wọlé lọ́jọ́ Sátidé kan, o ní o ti forúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń gba ìwé àṣẹ ọdẹ, pé àwọn nọ́ọ̀sì kan níbi iṣẹ́ rẹ ń ṣe é, ó sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn rìn. Mo bi ọ́ pé èmi àti ọmọ mi obìnrin, kí ni a fẹ́ fi ìbọn ṣe? O ní, "Daddy, it's walking. It's mostly walking." O ò parọ́. N kò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi, oorun sì padà sí ojú mi.

Nítorí pé àwọn ọmọ tí ẹ máa bí lè ka lẹ́tà yìí lọ́jọ́ kan, jẹ́ kí n sọ irú àgbò tó jẹ́. Kì í ṣe irú tí àwọn aládùúgbò wa ń dè mọ́lẹ̀ nígbà Iléyá. Orí òkè gíga ló ń gbé, lórí àpáta tí ewúrẹ́ ilé ò ní dá a láṣà láti gùn. Ìwo rẹ̀ nípọn bí apá géńdé. Á ti àtàrí yí sẹ́yìn etí, á sọ̀kalẹ̀, á sì tún tẹ̀ wá síwájú lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òfin ibí ni pé bí àgbò bá kọ ẹ̀gbẹ́ sí ọ, ṣónṣó ìwo yẹn gbọ́dọ̀ ti yí gòkè kọjá iwájú ojú rẹ̀ kí o tó lè yìnbọn sí i. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, kò pé, kí o fi í sílẹ̀ kó dàgbà. Ẹni tó bá pa èyí tí kò pé, wọ́n á gba ẹran náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lè gbé e dé ilé ẹjọ́. Òkèèrè sì ni ènìyàn ti máa ń wò ó, pẹ̀lú awò ńlá tí wọ́n ń gbé sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta.

Ó dáa. Jẹ́ kí n máa to ìmọ̀ràn mi bí àwọn bàbá ṣe ń tò ó.

Èkínní, ọ̀rọ̀ bàtà. O sọ fún mi pé kí n ra bàtà tó bá ẹsẹ̀ mi mu gẹ́lẹ́, kí n máa wọ̀ ọ́ rìn ládùúgbò kó lè rọ̀ kí ọjọ́ ọdẹ tó pé. Bí wọ́n ṣe ń ra bàtà fún wa nígbà tí a wà lọ́mọdé ni èmi ṣe ra tèmi. Mo mú èyí tó tóbi, kí ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè gbà á, torí òtútù. A ò tíì rìn jìnnà tí gìgísẹ̀ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Mo dákẹ́. Mo ní ṣé èmi tí mo ti fẹsẹ̀ la igbó kọjá nígbà tí wọn ò tíì bí ọ ni mà á máa sunkún bàtà lójú rẹ? Mò ń rìn, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń pa ìtàn, títí mo fi dé ibi tí n kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. O jókòó sórí òkúta, o gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ, o fi omi wẹ̀ ẹ́, o sì dì í bí o ṣe ń di ti àwọn aláìsàn rẹ. O ò sọ pé o ti kìlọ̀ fún mi. A wá yí padà, gbogbo ọ̀nà tí a ti gùn láti àárọ̀ di òfò nítorí ìtìjú èmi nìkan.

Nítorí náà, bí bàtà bá ń bó ọ lẹ́sẹ̀ nílé ọkọ, ìsàlẹ̀ òkè ni kí o ti sọ ọ́. Dímẹ́jì kì í ṣe wòlíì, kò lè mọ ohun tó ń dùn ọ́ bí o bá ń rẹ́rìn-ín. Èmi àti ìyá rẹ jẹ ìyà èyí dáadáa. Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó mọ̀ pé kò fẹ́ràn kí n máa sọ ọ̀rọ̀ ilé wa fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, torí kò sọ ọ́, ó kàn ń wẹ abọ́ pẹ̀lú ariwo.

Ìkejì, ìkíni. Èyí, mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín kí o tó kà á. Lọ́jọ́ mìíràn, àwa mẹ́ta ni a jọ lọ: èmi, ìwọ àti Bàbá Tóbi. Ẹ̀gbọ́n mi ni Bàbá Tóbi ní ìlú yìí. Whitehorn ni ilé rẹ̀ wà, ó ti dé Calgary kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó gbọ́ orúkọ ìlú náà rí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣọdẹ àgbò orí òkè. Òun ló gbà wá mọ́ra nígbà tí a gba ìwé àṣẹ tán tí a ò mọ ibi tí a ó kọjú sí. A ń kọjá lọ lórí òkè nígbà tí mo rí bàbá òyìnbó kan tó ká ara rẹ̀ jọ sẹ́yìn àpáta, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu awò, kò mira. Ó hàn pé ó ti wà níbẹ̀ láti ìdájí. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ máa ń ṣe bó bá kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́? Mo gbé ọwọ́ sókè, mo fi ohùn sọ̀fíyọ̀, ohùn tí mo fi máa ń pe àwọn tó ń fa okùn wa láti ìkángun oko kan dé èkejì, mo ní, "Well done, sir!"

Gbogbo àgbò tí bàbá náà ti ń ṣọ́ láti àárọ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì bọ́ sí òdìkejì òkè. O fa fìlà rẹ bo ojú. Bàbá Tóbi ló lọ bá wa bẹ̀ ẹ́, ó ṣàlàyé pé nílẹ̀ wa, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a má kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá náà wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín níkẹyìn, ó sì bu tíì fún wa nínú fúláàsì rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ilé ọkọ rẹ náà ní ibi tí ọ̀rọ̀ dáadáa ti lè lé ẹran lọ. Kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ kí o tó la ohùn. Ṣùgbọ́n má torí èyí dẹ́kun kíkí ènìyàn o. Ó sàn kí n pàdánù gbogbo àgbò tó wà lórí òkè Kananaskis tí a ti ń ṣọdẹ yìí ju kí wọ́n ní ọmọ mi ń kọjá lára ènìyàn bí ẹni tí ò rí wọn.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún tó kọjá ni. A ti gùn títí, snow díẹ̀ ti wà láàárín àwọn òkúta, a sì ti jẹ ìrẹsì tí o gbé wá. Bàbá Tóbi ló kọ́kọ́ rí i. Àgbò kan dùbúlẹ̀ lórí àpáta lódìkejì àfonífojì, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa. Bàbá Tóbi wò ó nínú awò, ó ní, "Ó pé." Mo wò ó, èmi tí ojú ni mo fi jẹun láyé mi, mo rí i kedere pé ṣónṣó ìwo rẹ̀ ti kọjá ojú. Èmi náà ní ó pé. O ti sọ láti ilé pé èmi ni kí n kọ́kọ́ yìnbọn bí a bá rí ẹran, torí pé èmi ni bàbá. Mo dùbúlẹ̀, mo gbé ìbọn lé orí báàgì, ìwọ sì lọ jókòó sẹ́nu awò.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo mọ ohun tí ìgbà yẹn wúwo tó fún ọ. Àgbà méjì ti sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe tọ́ ọ nìyí láti kékeré, pé bí àgbà méjì bá ti fẹnu kò, ọmọ kì í fi ẹnu sí i. Ìyá rẹ máa ń ní mo ti le jù, mà á ní ìlú òyìnbó la wà, bí a ò bá le, àṣà á bọ́ lọ́wọ́ wa. Ìwọ tí mo tọ́ bẹ́ẹ̀ lo wá gbé ojú kúrò lẹ́nu awò, tí o ní, "Daddy, are you sure?" Mo ní ó dá mi lójú. O padà wò ó. Bàbá Tóbi ní kí n yìnbọn kó tó dìde. Ìka mi ti wà níbi tí wọ́n ti ń fà á. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ, tí kì í ṣe èdè òyìnbó mọ́.

"Bàbá mi, ẹ dákun, ẹ má yìnbọn. Kò pé."

Inú bí mi, n kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Etí mi gbóná nínú òtútù yẹn. Bàbá Tóbi náà bínú, ó bi ọ́ pé ṣé ìwọ lo máa wá kọ́ òun ní ohun tó pé àti ohun tí kò pé. O ní, "Ẹ má bínú, sir." Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. O tún wá ní, "Ẹ má bínú, sir, àmọ́ kò pé." Ohùn rẹ ń gbọ̀n. Mo mú ìka mi kúrò, kì í sì í ṣe pé mo gbà ọ́ gbọ́. Láti ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ, n kò gbọ́ kí o fi Yorùbá bẹ̀ mí mọ́, ohun tó dá ọwọ́ mi dúró nìyẹn.

A dúró. Nígbà tó yá, àgbò náà dìde, ó gbọn ara rẹ̀, ó rìn kúrò níwájú àpáta dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tún kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa nínú oòrùn. Ìwo rẹ̀ ò tíì dé ojú rárá. Òjìji àpáta ló mú kó gùn lójú wa, ọkàn tèmi sì fi ìyókù kún un. Bàbá Tóbi fi ojú sí awò rẹ̀ títí, ó wá ń ká a pọ̀. Ó yíjú sí ọ, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Àgbò náà rọra gun òkè lọ ní tirẹ̀.

Ìwé tí mo fi ń béèrè láti di ọmọ ìlú yìí ṣì wà níwájú ìjọba nígbà náà. Ìwọ mọ̀, èmi sì ti gbàgbé nítorí ìwo. N kò mọ ohun tí ẹjọ́ lè bà jẹ́ nínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ mọ̀. Ọlọ́run ló fi ọ́ jókòó sẹ́nu awò lọ́jọ́ yẹn. Ó yẹ kí n di ọ́ mọ́ra lójú ẹsẹ̀, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ níwájú ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí mo rí sọ nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀ ni, "Rọra o, òkúta ibẹ̀ yẹn ń yọ̀." Bí àwọn bàbá ilé wa ṣe ń dúpẹ́ nìyẹn, kò sì tó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ báyìí, Mórẹ́nikẹ́. Mo dúpẹ́ gidigidi. Ìyá rẹ ì bá dúpẹ́ jù mí lọ, ì bá tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di alẹ́.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni pé bí o ṣe ṣe é yẹn ni kí o máa ṣe é lọ. O ò bú ẹnikẹ́ni. O tọrọ àforíjì, o sì tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ. Pàtàkì rẹ̀ ni pé o sọ ọ́ kí ìbọn tó dún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ pé ẹ̀yìn tí ẹran bá ti kú tán ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn ti rí i tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ilé Dímẹ́jì pọ̀, mo ti rí wọn, ènìyàn dáadáa ni wọ́n, ẹnu wọn sì ń papọ̀. Bọ̀wọ̀ fún wọn dé ilẹ̀, kúnlẹ̀ bó bá gba ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá rí i pé kò pé, sọ pé kò pé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Mo ti ń pa òwe yìí fún ènìyàn láti ìgbà èwe mi, apá ti àgbà nìkan ni mo máa ń gbọ́ níbẹ̀.

Ìkẹrin. Tàbí ìkarùn-ún ni, n kò kà á mọ́. Ó kan èmi jù ọ́ lọ.

Ojú mi ò ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Mo lọ rí dókítà ojú nígbà tí a délé, ó ní kò sí àléébù. Mo fẹ́ kí àgbò yẹn pé, mo bá rí i pé ó pé. Ohun tí ọkàn bá ti gbà, ojú á máa bá a wá ẹ̀rí. Nínú mọ́tò, nígbà tí a ń padà bọ̀, mo bi ọ́ pé kí ló tún kù tí o ń rí tí o ò sọ fún mi. O kọjú sí fèrèsé. O ní, "Nothing, Daddy." Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo tan rédíò.

Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Mo pè ọ́ wá sí basement pé kí o wá yan táìsì ilẹ̀ ilé ìdáná rẹ. O ní, "Anything you like, Daddy." Ọ̀dà ńkọ́? O ní bákan náà. Ọmọ tó jà pẹ̀lú mi nítorí àwọ̀ báàgì ilé ìwé rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré! Ẹni tó máa gbé inú ilé kì í sọ pé èyíkéyìí tó bá wù ọ́. Dímẹ́jì náà wá jẹun níbí lọ́jọ́ kan, ó ń sọ pé ibi iṣẹ́ òun ò jìnnà sí ilé kékeré kan tó wà fún títà ní Okotoks, tó ní àyè fún ọgbà lẹ́yìn. O tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ọmọ náà gbé ẹran mì láìjẹ ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. O rò pé n kò rí i. Láti Taradale dé Okotoks lójoojúmọ́, nínú snow, ìwọ̀n ọ̀nà jíjìn yẹn ò ṣòro fún sọ̀fíyọ̀ láti mọ̀.

Kí n sọ òtítọ́ tèmi náà. Mo fẹ́ kí ẹ wà nísàlẹ̀ torí pé ilé yìí dákẹ́ jù. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, ohùn tèmi nìkan ni mò ń gbọ́, mo sì máa ń fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí àtẹ̀gùn. Mo fẹ́ kí ọmọ-ọmọ mi máa wá kan ilẹ̀kùn mi. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo rí i pé ìwọ náà fẹ́ ẹ. Ìwo tí kò pé ni mo tún ń wò pé ó pé yẹn.

Ohun tó ká mi lára jù rèé. Nígbà tó jẹ́ pé èmi ni wàhálà máa bá, o sọ̀rọ̀ lójú àgbà méjì, ohùn rẹ ń gbọ̀n, o sọ ọ́. Nígbà tó kan ayé tìrẹ àti ti ọkọ rẹ, o dákẹ́, o ń tẹ ẹni ẹlẹ́ni lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe èmi? Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ti tò láti òkè wá, bí o bá máa gbàgbé ìyókù, mú ọ̀kan yìí dání: bí o ṣe jà fún mi lórí òkè, máa jà fún ara rẹ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá bínú, jẹ́ kí n bínú. Mo bínú lọ́jọ́ yẹn, n kò kú, ilẹ̀ sì mọ́ ní ọjọ́ kejì.

Kí Ọlọ́run tó mú wa la òkúta tó ń yọ̀ kọjá mú ìwọ àti Dímẹ́jì la tiyín kọjá. Kí ẹ má ṣe rí ohun tí ẹ ó máa fi pa mọ́ fún ara yín. Kí ilé yín gba ẹ̀rín, kó gba ìjà kékeré tó máa ń parí kí oúnjẹ tó tutù. Kí ìyá rẹ máa yọ̀ níbi tó wà.

Bàbá Tóbi mú obìnrin kan wá sílé láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Abẹ́òkúta pẹ̀lú ọmọ méjì, inú yàrá kan ni wọ́n há mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ train ní Whitehorn. Ó wo basement náà yíká, ojú rẹ̀ kún fún omi, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti ń sáré kiri inú yàrá tí mo kùn fún yín. Àná ni mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ẹ lọ ra ilé Okotoks yẹn, kí ẹ gbin nǹkan sẹ́yìn rẹ̀. Mà á máa wá ní ọjọ́ ìsinmi, Bàbá Tóbi ní òun á máa fi mọ́tò gbé mi wá, torí ẹ̀rù títì Deerfoot, tí mọ́tò ti ń sáré bí ìjì, ṣì ń bà mí.

Má bínú pé n kò kọ́kọ́ bi ọ́. Mo mọ̀ ọ́, mo sì mọ ara mi. Bí mo bá bi ọ́, wàá wo ojú mi, wàá ṣàánú mi, ẹ ó sì wá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ.